Màmá mi fẹ́ gbé Nokia olótọ́ọ̀ṣì lọ sí Ìmẹ̀kọ: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ kú ilé o, gbogbo ará ilé. Ẹ̀yin àgbà, mo kúnlẹ̀.

Màmá mi ń múra àtilọ sí Ìmẹ̀kọ fún Kérésìmesì pẹ̀lú àwọn ará ìjọ wọn. Sẹ̀lẹ́ (Celestial) ni wọ́n. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí ni wọ́n ti máa gbéra, wọ́n á sun oorun ọjọ́ kan lọ́dọ̀ àbúrò wọn ní Kétu, wọ́n á wá gba Ìlárá wọ Nàìjíríà. Tí wọ́n bá kúrò ní Ìmẹ̀kọ, wọ́n tún fẹ́ yà sí Èkó kí wọ́n tó padà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Mo ra Android fún wọn lọ́dún tó kọjá. Inú àpótí ló wà, wọ́n fi ìborùn wé e bí ọmọ tuntun. Nokia 1100 tí bàbá wa lò kí wọ́n tó lọ ni wọ́n ń lò, èyí tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí. Wọ́n ní òun làwọn máa gbé lọ, pé tó bá bọ́ sílẹ̀ àwọn á kàn bẹ̀rẹ̀ mú un, ọkàn àwọn kò ní já.

Ìbéèrè mi: ṣé ó ṣì ń mú réseau (nẹ́tíwọ́ọ̀kì) lọ́hùn-ún? Ṣé kí n wá puce (káàdì SIM) Nàìjíríà fún wọn ni, àbí èyí tó wà nínú rẹ̀ á ṣe é? Kí ló yẹ kí n tún ṣe sí fóònù yẹn kí wọ́n tó gbéra? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n fi dandan gbé Android fún wọn. Mo ti gbìyànjú ẹ̀, ó fẹ́ di ìjà.

Dókítà Fóònù

Àbúrò, fi màmá sílẹ̀ pẹ̀lú Nokia wọn. Èmi ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ouando níbẹ̀. 2003 ni 1100 jáde, ó ṣì ń wọlé sọ́dọ̀ mi, ohun tó sì máa ń ṣe é kò ju bọ́tìnnì tó ti gbó àti ẹnu ṣájà tí ìdọ̀tí ti dí lọ. Nàìjíríà àti Bẹ́nẹ̀ ń lo GSM kan náà, lórí ìgbì 900 àti 1800. Bó bá ti ń ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́, á ṣiṣẹ́ ní Ìmẹ̀kọ.

Bátìrì ni kó o yẹ̀ wò. BL-5C ni. Yọ ọ́, gbé e lé orí tábìlì tó tẹ́jú, fi ìka yí i bí ìgbà tí ọmọdé ń ta òkòtó. Tó bá yí, ó ti wú nínú nìyẹn, má jẹ́ kí màmá gbé e rìnrìn àjò. Tó bá dúró gbagidi, kò sí wàhálà. Kì í ṣe ohun tó ṣòro láti rí: àwọn rédíò kékeré tí àwọn bàbá ń gbé létí náà ń lo irú rẹ̀, èyí ni pé tó bá kú sí wọn lọ́wọ́ lọ́hùn-ún pàápàá wọ́n á rí òmíràn rà. Ṣùgbọ́n ra ẹyọ kan sí i, kún un ní iná, wé e sínú ọ̀rá. Má jẹ́ kí ojú irin rẹ̀ máa fi ara kan owó wẹ́wẹ́ àti kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì, ó lè gbóná débi táá fi jó nǹkan.

Ṣájà: oníhò ńlá ni 1100. Àwọn Nokia tó wá lẹ́yìn ló ń lo ṣájà ẹlẹ́nu tín-ín-rín. Mo ti rí ẹni tó gbé tín-ín-rín lọ sí Lomé tí kò sì mọ̀ títí ó fi débẹ̀. Èkejì, ẹsẹ̀ ṣájà tiwa níbí ribiti méjì ni, ihò ara ògiri Nàìjíríà sì jẹ́ ti ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ mẹ́ta. Iná wọn kò ní ṣe fóònù ní nǹkan kan, ihò yẹn ni kò ní gbà á. Ra èyí tí wọ́n ń kì bọ ibẹ̀ kí tiwa tó wọ̀ ọ́. Owó rẹ̀ kò tó ti àwo ìrẹsì kan.

Ará Ìlárá

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ibodè, torí ibẹ̀ ni owó ti ń lọ.

Ìlárá ni mo ń gbé. Ìlú kan ṣoṣo ni, àwọn òyìnbó ló fa ààlà gba àárín rẹ̀ kọjá. Fóònù kò mọ ààlà kankan o, òpó tí ohùn rẹ̀ bá ròkè jù ló ń tẹ̀ lé. Lọ́jọ́ kan mo jókòó sábẹ́ máńgòrò iwájú ilé wa, ní apá Bẹ́nẹ̀, mo bá àbúrò mi tó wà ní Pọ́bẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Kírẹ́dì 2000 fàránkì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí i lọ tán. Ìgbà tí mo wo ojú fóònù ni mo rí orúkọ ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà. Lójú fóònù mi, mo ti rìnrìn àjò, èmi kò sì tíì dìde lórí àga.

Ohun tí a ń ṣe sí i níbí ni pé a kì í jẹ́ kí fóònù yan réseau fúnra rẹ̀. Wọ inú Menu, wọ Paramètres (Settings), wá ibi tí wọ́n ti ń yan réseau, kúrò lórí automatique, bọ́ sí manuelle, mú ti ilé-iṣẹ́ tó ni puce rẹ. Fóònù á dúró ti ẹyọ yẹn. Tí kò bá rí i, á dákẹ́ jẹ́ẹ́, kò ní lọ yá ti ẹlòmíràn lò.

Ṣùgbọ́n tí màmá bá wọ Ìmẹ̀kọ tán, wọ́n gbọ́dọ̀ dá a padà sí automatique, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀yin ará ilé á máa rò pé nǹkan ti ṣe wọ́n. Tí o bá mọ̀ pé wọn kò ní lè dá a padà, má fọwọ́ kàn án rárá. Sọ fún wọn pé kí wọ́n pa fóònù bí wọ́n bá ti kúrò ní Kétu, kí wọ́n tàn án tí wọ́n bá dé. Ọ̀nà yẹn kò jìnnà.

Ìyá Ìbejì

Èmi ní tèmi, puce méjì ni kí wọ́n ní. Tiwọn tí gbogbo ayé mọ̀, àti ti Nàìjíríà tí wọ́n á máa fi pè. Tí wọ́n bá ń fi ti Bẹ́nẹ̀ gba ìpè lọ́hùn-ún, àwọn náà lè máa sanwó lórí ìpè tí ẹlòmíràn pè wọ́n. Ọ̀pọ̀ kò mọ èyí, wọ́n rò pé ẹni tó pè nìkan ló ń san.

Ṣùgbọ́n má ra puce ojú títì tí wọ́n ti fi orúkọ ẹni ẹlẹ́ni sílẹ̀ lórí rẹ̀. Kí ẹni yín tó wà lọ́hùn-ún mú màmá àti ìwé ìdánimọ̀ wọn lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ fóònù gan-an.

Tí wọ́n bá sì fẹ́ fún wọn ní káàdì, kí ẹ tètè kígbe pé fóònù àtijọ́ ni o! Àwọn ọmọ tó ń tà á, ọwọ́ wọn ti mọ́ kí wọ́n ṣẹ́ ẹ sí kékeré jù lọ. Èyí tó tóbi jù lára rẹ̀ ni 1100 ń lò. Tí wọ́n bá ti ṣẹ́ ẹ kékeré, ẹ gba èèpo rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹ tún fi sí i padà, ẹ rọra kì í bọ̀ ọ́.

Fóònù oní-puce-kan ni, èyí tí kò bá sí nínú rẹ̀, etí ìró ni kí wọ́n dì í mọ́. Màmá tèmi ti fi èyí rìn dé Kano, kò sọnù rí. Àwa ọmọ ìwé tó ń kì í sínú pọ́ọ̀sì ló ń wá a kiri.

Bàbá Ṣábẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ rántí mi lọ́jọ́ tó ti pẹ́.

Ọdún 2000 ni GSM wọ ilẹ̀ Bẹ́nẹ̀. Nàìjíríà kò tíì ní in nígbà náà, oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni tiwọn tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ń kó iṣu láti Ṣábẹ̀ lọ sí Dantokpa, ọ̀nà tó lé ní 250 kìlómítà, mo sì ra Nokia 3310 kan ní Kútọnu. Mo so ó mọ́ ìgbànú nínú àpò awọ, ẹ̀gbẹ́ kan ṣòkòtò mi máa ń jábọ̀. Iyì ńlá ni! Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi í ṣe lọ́nà kò pọ̀, torí pé bí a bá ti jáde nílùú, ó di aago ọwọ́. Nígbà tí mo bá délé, orí àpáta ni mo ń gùn kí n tó rí ìlà kan tàbí méjì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ òkè Ṣábẹ̀ ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. A máa ń bá ara wa pàdé lókè níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, oníṣòwò mẹ́ta mẹ́rin, kálukú na fóònù rẹ̀ sókè bí ẹni tó ń wo fíìmù fọ́tò nínú ìmọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ọmọ mi kejì ti dé sáyé.

Ìdí tí mo fi sọ ìtàn yìí ni pé a máa ń kọ SMS wa tán kí a tó gun òkè. A ó fi í pamọ́ sínú fóònù. Tí réseau bá yọjú ìṣẹ́jú kan, a ó fi ránṣẹ́. Kí màmá ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Kí ìwọ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀: «mo ti dé, àlàáfíà ni», kí ó ku kìkì kí wọ́n rán an.

Ohun tó wá ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, tí kò tíì sí ẹni tó mẹ́nu bà á: nọ́ńbà wa ti yí padà o. Láti 30 oṣù kọkànlá 2024, nọ́ńbà Bẹ́nẹ̀ kì í ṣe ẹyọ mẹ́jọ mọ́, mẹ́wàá ni, 01 ló wọ iwájú. Nọ́ńbà tó wà nínú fóònù àtijọ́ yẹn, mo fẹ́ fi orí mi búra pé ẹlẹ́yọ mẹ́jọ ni gbogbo wọn. Àwọn fóònù ìgbàlódé, ọ̀pọ̀ ọmọ fi ẹ̀rọ tún un ṣe ní ìṣẹ́jú kan. 1100 kò ní irú ẹ̀. Ọwọ́ ni wàá fi tún un kọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí o sì kọ ọ́ pẹ̀lú +229, torí láti Nàìjíríà nọ́ńbà tí kò ní +229 kò ní lọ síbì kankan.

Ẹ ṣọ́ra fún òdo yẹn. Àwọn ará Nàìjíríà, tí wọ́n bá ti kọ +234, wọ́n á yọ òdo iwájú nọ́ńbà wọn kúrò. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀: +229 01, òdo dúró síbẹ̀. Ọmọ mi tó wà ní Ìbàdàn ń pè mí fún ọ̀sẹ̀ kan, kò wọlé, ó ti ro pé mo ń bínú sí òun. Òdo ló ń yọ.

Àmì + yẹn, ìràwọ̀ ni kó tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, á jáde. Ó sàn ju 00 tí a ń lò níbí lọ, torí 009 ni tiwọn lọ́hùn-ún, + sì bá ibi gbogbo mu.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó. Nọ́ńbà 43, kò sí ẹyọ kan tó ní 01. Nọ́ńbà bàbá wa náà ṣì wà níbẹ̀. Mi ò ní pa á rẹ́.

Dókítà Fóònù

50 orúkọ ni inú 1100 ń gbà, nítorí náà 43 yẹn á gbà; tó bá ju 50 lọ, kó àwọn tó kù sórí puce. Ẹni mẹ́rin tí wọ́n máa pè jù, fi wọ́n sórí bọ́tìnnì: 2 fún ìwọ, 3 fún àbúrò wọn ní Kétu, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kàn tẹ 2 mọ́lẹ̀. Fi bẹ́bà kékeré lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n lè rántí.

Tún tẹ ##002# kó o pè é, kí ìpè má bàa máa yà sọ́dọ̀ ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀. Tí wọ́n bá wà lókèèrè, yíyà yẹn náà lówó lórí.

Jẹ̀lílì Paris

Kí n bá yín sọ òtítọ́, ayé ti kọjá fóònù yẹn. Mo gbé irú rẹ̀ lọ sí Switzerland, kò rí nǹkan kan. Swisscom ti pa 2G wọn, réseau àtijọ́ tí irú fóònù yẹn ń lò, láti òpin 2020. Ní Amẹ́ríkà, AT&T ti pa tiwọn láti January 2017.

Ìyá Ìbejì

Ẹ̀gbọ́n Paris, Ìmẹ̀kọ ni màmá ń lọ.

Ọmọ Bẹ́nẹ̀ l'Ékòó

😂😂

Ẹ má bínú, mo fẹ́ kìlọ̀ nípa ohun kan. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n fi SMS ránṣẹ́ láti fóònù olótọ́ọ̀ṣì: «Mo ti de Ketu.» Bàbá mi dìde, wọ́n wọ aṣọ, wọ́n fo ọ̀kadà, ó di Ketu, ibi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mile 12 níbí. Wọ́n dúró títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n ń pè, kò lọ. Kétu Alákétu ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi wà, wọ́n ti jẹ ọkà, wọ́n ti sùn! Wọn kò tíì kúrò ní Bẹ́nẹ̀ rárá.

Nítorí náà, ẹ kọ́ màmá kí wọ́n kọ «Ketu ile» tàbí «Ketu Eko». Ẹ má rò pé ẹni tó máa kà á á mọ̀ ọ́n.

Olùkọ́ Pọ́bẹ̀

Ọ̀rọ̀ SMS yìí, mo fẹ́ dúró lé e lórí díẹ̀, torí ẹ̀yin tí ẹ wà nílé lẹ ń fa wàhálà rẹ̀, kì í ṣe màmá.

SMS kan ń gba àmì 160. Ṣùgbọ́n tí ẹyọ àmì kan ṣoṣo tí kò sí nínú ábídí GSM bá ti wọ inú rẹ̀, 160 yẹn á di 70 lójú ẹsẹ̀. Ẹ, ọ, ṣ kò sí nínú rẹ̀. Á, í, ó, ú kò sí nínú rẹ̀. Àwọn ère ẹ̀rín tí ẹ ń fi sí i yẹn náà kò sí. Ìwọ á kọ lẹ́tà gígùn láti Android, wọ́n á gé e sí mẹ́ta mẹ́rin, wọ́n á gba owó mẹ́ta mẹ́rin, yóò sì dé ojú Nokia màmá ní àpótí àpótí, ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè kà.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ni pé àwọn kan wà tí kò gba owó kankan lọ́wọ́ wa: è, é, à, ì, ò, ù. Nítorí èdè Faransé àti Ítálì ni wọ́n ṣe fi wọ́n sí i. Àwa tí a kọ́ ìwé ní Bẹ́nẹ̀, tí a ti ń fi è kọ ẹ láti kékeré nínú orúkọ ìlú, a lè fi ṣe é. «Mo ti jeun, ara mi le, è má fòyà»... rárá o, á yẹn ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. «E ma foya» ló máa jẹ́.

Bí a kò bá sì fi àmì sí i, ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Obìnrin kan ládùúgbò wa gba «Oko mi ti baje» láti ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ tó ń rìnrìn àjò. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọkọ àbúrò rẹ̀ kó tó mọ̀ pé ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ ni táyà rẹ̀ bẹ́.

Ẹlẹ́sìn Funfun

Àlàáfíà fún un yín. Ọdọọdún ni mo ń lọ sí Ìmẹ̀kọ, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibẹ̀ ti rí. Àjàṣẹ́ ni ìjọ wa ti bẹ̀rẹ̀ ní 1947, Ìmẹ̀kọ sì ni wọ́n sin Bàbá Oshoffa tó dá a sílẹ̀ sí, nítorí náà tí Kérésìmesì bá dé, gbogbo ayé ń rọ́ lọ síbẹ̀. Èrò bí omi. Réseau kì í gbé e. Tí o bá pe màmá ní alẹ́ 24, tí kò wọlé, má dààmú. SMS ni kó o fi ránṣẹ́, òun á rápálá dé. Tàbí kó o pè ní nǹkan bí aago mẹ́rin òwúrọ̀, èrò ti ń sùn, ọ̀nà ti ṣí.

Tọ́ọ̀ṣì orí fóònù yẹn ni wọ́n máa dúpẹ́ fún jù. Pẹ̀lú sùtánà, a kì í wọ bàtà, ilẹ̀ ibẹ̀ ní òkúta àti ẹ̀gún. Èmi tó gbé fóònù olówó ńlá lọ, mo ń bẹ̀rù àtigbé e jáde láàárín èrò. Màmá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tẹ bọ́tìnnì C mọ́lẹ̀, iná ràn wàà, ó ní «ọmọ mi, tẹ̀ lé mi».

Ibi tí wọ́n ti ń ta iná fún fóònù wà, jẹnẹrétọ̀ ni. Àmọ́ kí wọ́n yọ puce kúrò kí wọ́n tó gbé fóònù sílẹ̀ fún wọn. Mo kọ́ ọ nígbà tí ẹnìkan fi tèmi pe Gábọ́ọ̀nù.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ kú àánú mi o. Ìbéèrè kan ló kù: mo fẹ́ fi kóòdù PIN sí puce wọn nítorí olè, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má gbàgbé.

Dókítà Fóònù

Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n lè ṣì í, lẹ́yìn náà fóònù á béèrè PUK, ẹyọ mẹ́jọ ni, ara ike tí wọ́n ti yọ puce ló wà. Tí wọ́n bá ṣi PUK náà nígbà mẹ́wàá, puce ti kú nìyẹn. Kọ PUK sọ́dọ̀ ara rẹ nílé. Kóòdù tí màmá kò lè gbàgbé ni kó o fi sí i, ọdún tí wọ́n bí àkọ́bí wọn, fún àpẹẹrẹ. Tẹ *#06# pẹ̀lú, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, ẹyọ 15, á jáde, kọ òun náà sílẹ̀ bí fóònù bá lọ sọnù.

Rántí pé tí wọ́n bá ti yọ bátìrì láti pààrọ̀ puce, aago inú rẹ̀ lè padà sí òdo. Kí wọ́n tún un tò, pàápàá tí wọ́n bá fẹ́ kó jí wọn.

Bàbá Ṣábẹ̀

Ìyẹn ni mo gbàgbé! Bí a tilẹ̀ pa Nokia yẹn, tí bátìrì ṣì wà nínú rẹ̀, aago ìjí á ṣì dún. Aago mẹ́rin ìdájí ni ọkọ̀ iṣu mi ń gbéra, kò já mi kulẹ̀ rí. Kí màmá pa á mọ́jú, á jí wọn, iná bátìrì kò sì ní dínkù púpọ̀.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ káàárọ̀ o. Wọ́n ti lọ. Mo tún nọ́ńbà mẹ́tàlélógójì náà kọ tán lóru tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n gbéra, ìka mi ṣì ń dùn mí. Puce kejì wà ní etí ìró. SMS wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé báyìí, bó ṣe wà rèé:

«Mo ti de Imeko. Ile ni mo ti sun ni Ketu. Batiri ku ila kan. Ma pe mi.»

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á. Ṣé máa pè mí ni àbí má pè mí?

Ìyá Ìbejì

Bípé wọn lẹ́ẹ̀kan, kó o gé e. Tí wọ́n bá bípé ẹ padà, pè.

Olùkọ́ Pọ́bẹ̀

Ẹ rí i báyìí.